‘Eusse’ àti ‘Ìbá’: Èrò Wa Lórí Ẹ̀kọ́ Faransé Ní Ilé-Ìwé Yìí

Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn kí ayẹyẹ yìí tó wọlé, òbí kan dìde, ó sì béèrè ìbéèrè kan tí ó mú kí gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ó ní òun ṣí ìwé iṣẹ́ Faransé ọmọ òun tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, òun sì bá odindi ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀-ìṣe sí àsìkò kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ojú irin: plus-que-parfait du subjonctif. Òun bi ọmọ náà léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun kò mọ̀, pé olùkọ́ ni ó ní kí àwọn há a sórí. Òbí yìí ń ta ike àti ọ̀rá fún àwọn oníbàárà tí ń ti Kútọnu wá. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń bá wọn ṣòwò, òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ni ó dé tí a kò fi yọ Faransé kúrò, kí a sì fi àkókò rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà?

Àtẹ́wọ́ ròkè. Àwa tí a ń kọ èyí wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé yìí ni wá, púpọ̀ nínú wa sì ti di òbí tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó nínú kíláàsì tí àwa náà jókòó sí nígbà kan. A kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára ju kí a fi ìṣẹ́jú méjì dá a lóhùn lọ, nítorí pé ohun tí ọmọ yẹn wí, pé òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ni àwa náà ìbá wí ní ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi wá. Kò sí ẹni tí ó bi wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, nítorí àwọn òbí tí kò kọ́ Faransé. Nígbà tí Faransé inú ìwé bá fẹ́ sọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tí a fẹ́ kí ó ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Èkíní ni aṣèrànwọ́, avoir tàbí être, nínú aṣọ rẹ̀ àtijọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ní ìrísí ohun tí ó ti parí. Báyìí ni a ṣe ń kà á nígbà tiwa, tí gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ bí orin: que j’eusse parlé, que tu eusses parlé, qu’il eût parlé, que nous eussions parlé, que vous eussiez parlé, qu’ils eussent parlé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tọ̀ lẹ́yìn être, bíi kí ènìyàn wá tàbí kí ó lọ, a ó yí i sí je fusse venu, tu fusses venu, il fût venu, títí a ó fi dé ils fussent venus. Ẹni tí ó bá gbàgbé àmì kékeré tí ó dà bí òrùlé lórí eût àti fût, ẹgba ni. Wọn kò sọ fún wa pé òrùlé yẹn ni ó ya eût sọ́tọ̀ kúrò lára eut, tí í ṣe ti àsìkò mìíràn pátápátá, àti pé lórí ìwé nìkan ni ìyàtọ̀ náà wà, nítorí pé létí, ohùn kan náà ni méjèèjì. Ọmọ Yorùbá tí ó ti mọ̀ pé àmì ni ó ya ọkọ̀ tí a ń wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń roko kò nílò ẹgba kí ó tó lóye èyí.

Ẹgba kejì sì tún wà. Ní ìgbà tiwa, ẹ̀sùn ńlá ni kí a gbọ́ Yorùbá lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé. Wọ́n ń kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì kà á jáde ní ìpéjọ òwúrọ̀ lẹ́yìn àdúrà. Olùkọ́ Faransé wa, ẹni rere tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Faransé fún àwọn ọmọ tí ń fi Yorùbá ronú. A kò bá a wí; òfin ni ó ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà lápò wa ní gbogbo ìgbà yẹn, ìjìyà sì ń bẹ fún ẹni tí ó bá yọ ọ́ jáde.

Kọ́kọ́rọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kékeré tí a ń pè ní ìbá. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ ìwé rárá mọ bí a ti ń lò ó. “Ìbá ṣe pé òjò kò rọ̀, à bá ti dé.” Ẹ gbé e sí Faransé àwọn àgbà òǹkọ̀wé: S’il n’eût pas plu, nous fussions arrivés. Ẹ wo bí méjèèjì ti rí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ wa, ìdajì gbólóhùn àkọ́kọ́ ń lo ìrísí kan, ìdajì kejì a sì lo òmíràn, ọmọ a máa da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn títí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá. Nínú Faransé yìí, ìrísí kan náà lè dúró ní apá méjèèjì, bí ìbá ti ń dúró ní apá méjèèjì nínú Yorùbá. (Gẹ̀ẹ́sì inú Bíbélì Ọba James ti ọdún 1611 náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì.) Ọ̀nà láti Yorùbá dé ibẹ̀ kúrú ju ọ̀nà tí a gbà lọ. Wọ́n mú wa yí gba ìlú Lọ́ńdọ̀nù kí a tó dé Àjàṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé wa.

A kò fẹ́ sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbá kò kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ó bá tẹ̀lé que, Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbé e gbà. Il fallait qu’il eût fini: ó yẹ kí ó ti parí. Bien qu’il eût plu: bí òjò tilẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí náà kì í ṣe àjèjì lẹ́nu ọmọ wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí fún pé “mo fẹ́ kí o ti fọ àwo kí n tó dé” mọ ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ bí ìyá bá dé tí kò tíì fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbà fún òbí wa níbi tí ó ti jàre. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ń fi àsìkò yìí ná ọjà. Ẹni tí ó bá dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí ó sì ń sọ fún oníṣòwò pé bí òun bá eusse mọ iye rẹ̀ ni, wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, yóò sì san ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, s’il n’avait pas plu, nous serions arrivés ni ó wà, ó sì ti tó. Ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti dẹwọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1976, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn gbé àṣẹ kan jáde nípa àwọn ohun tí a lè gbójú fò nínú ìdánwò. Ó wà nínú rẹ̀ pé níbi tí òfin gírámà líle bá ti ń béèrè plus-que-parfait lẹ́yìn que, kí a gba subjonctif passé tí ó rọrùn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí Paris ti dárí rẹ̀ jì àwọn ọmọ tirẹ̀ ní 1976 ni wọ́n ṣì ń nà wá fún lẹ́bàá ojú irin Agége ní ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà.

Ìtara lórí gírámà kò sì mọ ní ọ̀dọ̀ olùkọ́ nìkan. Léopold Sédar Senghor, tí ó ṣe ààrẹ Senegal láti 1960 dé 1980, gírámà ni ó fi gba oyè olùkọ́ àgbà ní ilẹ̀ Faransé ní 1935, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣọ́ èdè náà sì gbà á wọlé ní 1983. Nígbà tí Ousmane Sembène gbé fíìmù rẹ̀ Ceddo jáde ní 1977, ìjọba Senghor fi òfin dè é. Ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé d kan ni ó yẹ kí ó wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe méjì. Àwọn kan ní ìdí mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà pé ẹni tí ó bá lè fi d kan ti ilé fíìmù pa kò ní ṣàánú ọmọ tí ó gbàgbé òrùlé lórí eût.

Ṣùgbọ́n níbi tí a kò ti bá òbí wa fohùn ṣọ̀kan ni pé, nítorí pé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lọ́jà, kí a máa rò pé kò sí níbòmíràn. Ìbòmíràn pọ̀ tí ó wà. Nígbà tí Blaise Pascal ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ nípa imú Cleopatra, pé ìbá kúrú díẹ̀ ni, ayé ìbá yàtọ̀, eût été ni ó lò. A ṣì ń rí n’eût été nínú ìwé ìròyìn àwọn aládùúgbò wa títí di òní, níbi tí àwa ti ń wí pé “bí kì í bá ṣe ti”. Ibi tí ó sì kan àwa gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé Kristẹni jù lọ ni Ìhìnrere Jòhánù, orí kọkànlá.

A mọ ìtàn náà. Lásárù ti wà ní ibojì fún ọjọ́ mẹ́rin. Màtá gbọ́ pé Jésù ń bọ̀, ó lọ pàdé Rẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí ó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ìkíni. Ó sọ fún Un pé ìbá ṣe pé Ó wà níbẹ̀, arákùnrin òun kì bá tí kú. Nígbà tí Màríà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni òun náà sọ. Bíbélì Yorùbá tí a jogún lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ìbá gbé e. Bíbélì Louis Segond, pásítọ̀ ará Geneva tí Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní 1880, tí àtúnṣe rẹ̀ ti 1910 sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ń sọ Faransé, fi eusses été gbé e. Àwọn tí wọ́n ṣe Segond 21 ní 2007 ti sọ ọ́ di avais été, bí ènìyàn ti ń sọ ọ́ lónìí, a kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ti 1910 ni ó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà ìjọ.

Ọ̀kan nínú wa ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ògbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ sí Àjàṣẹ́ láti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan. Owó náà kò jáde ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ní láti dúró di ọjọ́ Ajé, nítorí náà ó lọ jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Oṣù mẹ́ta péré ni ó fi ju ìgbà tí ó sin àbúrò rẹ̀ lọ. Òru ni àìsàn kọ lu àbúrò náà. Òun sì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, níbi tí òfin ti ní kí òṣìṣẹ́ fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ti pe òun.

Wọ́n ka Jòhánù orí kọkànlá ní ìsìn yẹn. Ó ń gbọ́ Faransé náà bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn rédíò aládùúgbò, ó yé e díẹ̀, díẹ̀ kò yé e, àfi bí ó ti gbọ́ eusses été. Ó ní ara òun ta gìrì, bí ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ ènìyàn ní ìpéjọ òwúrọ̀. Ó rọra tẹ̀ sápá ìyá àgbà tí ó jókòó tì í, tí ó ti gbọ́ tí ń sọ èdè wa kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ará Sakété ni ìyá náà, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ní ó sọ fún Jésù?” Ìyá náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ó ní ìbá ṣe pé O wà níbí ni, ọmọ mi.”

Nígbà tí ìjọ dìde kọrin, òun kò lè dìde. Ó sọ fún wa pé ọgbọ̀n ọdún ni òun ti fi ru ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹrù tí a dì pa, láìmọ̀ pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni òun ń sọ ní òru kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí àbúrò òun ti lọ.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ tí wọ́n ní kí a yọ Faransé kúrò, a kì í gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ àtẹ àkókò lásán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí tí ó jẹ mọ́ ti oúnjẹ náà kò kéré. Agbègbè tí ilé-ìwé wa wà ni a ń sọ. Ṣáájú kí ilé-iṣẹ́ tó dé, oko obì àti kòkó ni Agége, ojú irin ni ó sì ń kó obì náà lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ gé ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, orúkọ Ọba Akran ti Bàdágìrì, tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà, ni ó wá wà lórí òpópónà tí púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ń gbà lọ síṣẹ́. Títí dòní, ẹni tí ó bá gba òpópónà Ọba Akran kọjá ń fi ẹnu pe orúkọ ọba ìlú tí ó wà lẹ́nu ibodè Faransé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kógbá sílé. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008, ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ náà sì dé bá nínú ìdílé ilé-ìwé yìí. Àwọn tí ó kù ṣì ń di ẹrù sọ́kọ̀ àjàgbé tí ń gba Bàdágìrì lọ sí Ṣẹmẹ̀, ó di Kútọnu, ó di Lomé. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó yí wa ká lórí ilẹ̀, Benin, Niger, Chad àti Cameroon, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí Faransé kì í ṣe èdè ìwé níbẹ̀. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Sakété, ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Yorùbá ni a fi ń kí wọn, ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ wọn àti ìwé owó ọjà wọn.

Ìjọba ti sọ tirẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1998 pe Faransé ní èdè ìṣèjọba kejì. Abúlé Faransé sì ti wà ní Bàdágìrì láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lo àkókò tí àwọn aṣáájú wọn ń lò ní òkèèrè. Òfin inú ìwé nìkan kò tó, a mọ̀. Nígbà tí Emmanuel Macron, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, wá sí Agídìngbi ní oṣù Keje ọdún 2018, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bá èrò sọ̀rọ̀, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá a lóhùn ní Faransé. (Ibi tí ó ti sọ ọ́ kì í ṣe ibi tí ilé-ìwé wa máa ń rán ọmọ lọ, a ó fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ohun tí a wá ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kò ṣòro. Kí Faransé dúró. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹnu ṣáájú: kí ọmọ lè kíni, kí ó lè kà á dé ẹgbẹ̀rún, kí ó lè béèrè ọ̀nà, kí ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọjà, kí ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú. Ìgbà tí ó bá dé kíláàsì àgbà ni kí ó tó pàdé eusse àti fusse, kí ó pàdé wọn nínú ìwé tí ó ń kà, kí ó lè dá wọn mọ̀ nígbà tí ó bá rí wọn. Kò pọn dandan kí ó lè tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ológun. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un. Kí olùkọ́ ní òmìnira láti fi Yorùbá ṣàlàyé, kí ó kọ ìbá sójú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ó sì kọ eût sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òrùlé rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá wà láàárín wa. Olùkọ́ lè ní kí wọ́n mú ti èdè tiwọn wá, yóò sì yà á lẹ́nu bí wọn yóò ti tètè rí i. Ẹgba kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ní ti kọ̀ǹpútà, a fara mọ́ ọn pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí yóò fi jẹ́ àkókò Faransé ni a ó gé fún un nígbà tí wákàtí ọ̀sán mẹ́ta wà lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fi gbá bọ́ọ̀lù inú eruku.

Lẹ́yìn èyí, kí kíláàsì kan máa lọ sí Bàdágìrì lọ́dọọdún, kí wọ́n sùn níbẹ̀ fún òru méjì, kí wọ́n sì kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bí ìwé ìrìnnà wọn bá pé. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó fún un láàárín ara wa. A sì lọ kí òbí tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀, nítorí pé a kò fẹ́ kí ó kọ́kọ́ kà á nínú ìwé ìrántí yìí. Ó gbọ́ wa tán. Ó ní òun yóò fi bọ́ọ̀sì òun sílẹ̀ fún ìrìn-àjò àkọ́kọ́, bí ọmọ òun bá lè kọ́kọ́ ka ìwé owó ọjà kan tí ó ti Kútọnu wá fún òun láìṣi nọ́mbà kankan.